Tírélà Tó Ń Jẹ Táyà Lápá Kan: Bí A Ṣe Ń Wá Ìdí Rẹ̀

Táyà tírélà kì í jẹ lápá kan lásán. Bí táyà bá ń yí tààrà, tí ẹrù orí rẹ̀ kò ju agbára rẹ̀ lọ, tí atẹ́gùn inú rẹ̀ sì pé, gbogbo ojú rẹ̀ ni yóò máa tán lọ díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: etí inú, àárín, àti etí òde. Bí ọ̀kan nínú nǹkan mẹ́ta wọ̀nyí bá yẹ̀, apá kan yóò tán ṣáájú apá yòókù. Ibi tó kọ́kọ́ tán, àti bí ó ṣe tán, ni ẹ̀rí ohun tó yẹ̀. Ẹni tó bá mọ ẹ̀rí yìí kà yóò mọ̀ bóyá iṣẹ́ fọkanáísà ni, tàbí ti mẹkáníìkì, tàbí ti alájórin, tàbí ti àwọn tó ń di ẹrù, kí ó tó náwó lé táyà tuntun lórí. Táyà tuntun tí wọ́n bá gbé sórí àléébù àtijọ́, bí ti àkọ́kọ́ ṣe jẹ ni òun náà yóò ṣe jẹ.

Nínú ọkọ̀ kékeré, sítíárìn ló máa ń kọ́kọ́ ta awakọ̀ lólobó: yóò máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí kí ó máa gbọ̀n lọ́wọ́. Tírélà kò ní irú olobó bẹ́ẹ̀. Ara ẹ̀yìn tó ń gbé kọ̀ǹténà kò ní ẹ́ńjìnnì, kò sì ní sítíárìn. Orí ọkọ̀ ló ń fà á. Kọ̀ǹténà ẹsẹ̀ bàtà 40 gùn ju mítà 12 lọ, táyà ẹ̀yìn pátápátá sì jìnnà sí àga awakọ̀ débi pé ó lè máa wọ́ gẹ̀ẹ̀rẹ̀gẹ̀ láti Àpápá dé Ìbàdàn kí awakọ̀ má fura. Ojú táyà nìkan ni yóò tú àṣírí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan agbègbè Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ gbọ̀ngbọ̀n. Ọ̀nà márosẹ̀ Òṣòdì sí Àpápá, tí ìjọba àpapọ̀ là ní àwọn ọdún 1970, gba àárín agbègbè náà kọjá. Kọ̀ǹténà tó bá jáde ní èbúté Àpápá tàbí Tin Can máa ń gba Mile 2, Cele, Ìlasà, Ìyànà-Ìsọlọ̀ àti ibùdókọ̀ Toyota kó tó dé Òṣòdì, kó tó wá yà sí Ìkẹjà tàbí kó kọjá sí ọ̀nà Ìbàdàn. Èjìgbò náà ni àgọ́ ìpamọ́ epo kan wà, tí wọ́n fi páìpù abẹ́ ilẹ̀ gbé epo wá sí kí àwọn táńkà lè gbé e níbẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ọ̀nà márosẹ̀ yìí fi bàjẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọnkéré tún un ṣe ní 2018. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó dára kì í tún ákísù tó ti tẹ̀ ṣe. Irin tí kòtò ti tẹ̀ látijọ́ ń jẹ táyà lórí kọnkéré bí ó ṣe ń jẹ ẹ́ lórí ọ̀dà.

Owó tí táyà tó ń jẹ lápá kan ń náni kì í ṣe kékeré. Michelin ti ilé iṣẹ́ táyà rẹ̀ ní Port Harcourt pa ní 2007, Dunlop náà sì dáwọ́ ṣíṣe táyà dúró ní Ìkẹjà láìpẹ́ sí ìgbà náà. Láti ìgbà yẹn, òkè òkun ni táyà tuntun ọkọ̀ ńlá ti ń wá, owó rẹ̀ sì ń gun bí dọ́là bá ṣe ń gun. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ onítírélà fi ń ra tòkúnbọ̀ ní ọjà Ládípọ̀, ní apá Mushin ọ̀nà náà. Bí tuntun, bí tòkúnbọ̀, èyí tó bá jẹ lápá kan ti di èyí tí a ó jù nù nígbà tí apá yòókù rẹ̀ ṣì lè ṣiṣẹ́.

Òwúrọ̀ ni àyẹ̀wò dára jù, kí ọkọ̀ tó gbéra, nígbà tí táyà ṣì tutù. Kí wọ́n wa tírélà náà lọ síwájú tààrà díẹ̀ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú kí wọ́n tó dá a dúró, kí àwọn ákísù lè padà sí àyè wọn. Kí wọ́n fọ ẹrẹ̀ ojú táyà kúrò. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n wọn bí ihò ìlà ojú táyà ṣe jìn tó níbi mẹ́ta: létí inú, láàárín, àti létí òde. Nínú ihò wọ̀nyí ni rọ́bà pẹlẹbẹ kéékèèké kan wà. Bí ojú táyà bá ti tán débi tí ó bá wọn dọ́gba, ohun tó kù kò ju milimítà 1.6 lọ, iṣẹ́ táyà náà sì ti parí níbẹ̀, kódà bí apá kan ṣoṣo ló dé bẹ́ẹ̀. Táyà inú, tí táyà òde bò mọ́lẹ̀, ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé. Tọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi ń wò ó.

Ọwọ́ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀, nítorí ó ń mọ ohun tí ojú lè má rí. Àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n ń fi ra ojú táyà láti inú sí òde, láti òde padà sí inú, kí wọ́n tó fi rà á yí táyà ká. Kí wọ́n kọ́kọ́ wò ó bóyá wáyà irin ti yọ, nítorí ó lè gé ènìyàn lọ́wọ́. Gbogbo ohun tí wọ́n bá rí ni kí wọ́n kọ sílẹ̀: ákísù kìíní, kejì tàbí kẹta, ọ̀tún tàbí òsì, táyà inú tàbí ti òde. Tírélà oní-ákísù mẹ́ta tó ń lo táyà méjì-méjì ní táyà 12 lábẹ́, kò sì sí ẹni tí orí rẹ̀ lè gbé gbogbo rẹ̀ láìkọ ọ́.

Kí ẹnikẹ́ni tó béèrè irú jíjẹ tí táyà jẹ, ibi tí ọ̀ràn náà mọ sí ni ó yẹ kó kọ́kọ́ béèrè. Bí ó bá jẹ́ táyà kan ṣoṣo, inú ẹsẹ̀ yẹn ni kí wọ́n ti wá a: béárìn rẹ̀, bíréèkì rẹ̀, ríìmù rẹ̀, tàbí atẹ́gùn rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọ̀tún àti òsì lórí ákísù kan, ákísù yẹn ni ẹjọ́ kàn. Bí ó bá jẹ́ gbogbo táyà ẹ̀gbẹ́ kan láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí wọ́n wo sípíríǹgì ẹ̀gbẹ́ náà àti bí wọ́n ṣe ń di ẹrù, bóyá ẹrù ń rọ̀ síbẹ̀ jù. Bí ó bá sì jẹ́ gbogbo táyà pátá, atẹ́gùn tàbí àpọ̀jù ẹrù ni. Ìbéèrè kan yìí máa ń gé iṣẹ́ kúrú, nítorí kò ní jẹ́ kí wọ́n tú ohun tí kò bàjẹ́.

Irú jíjẹ àkọ́kọ́ ni èyí tí etí inú àti etí òde tán, tí àárín ṣì ga. Atẹ́gùn tó kéré ló ń fà á. Bí atẹ́gùn kò bá gbé àárín ojú táyà dúró dáadáa, etí méjèèjì ni yóò ru ẹrù. Àpọ̀jù ẹrù ń ṣe ohun kan náà, nítorí atẹ́gùn tó tó fún ìwọ̀n ẹrù kan kò tó fún èyí tó wúwo jù ú lọ. Ọ̀pọ̀ táyà tírélà ń gba atẹ́gùn bí PSI 100 sí 120, ẹ̀gbẹ́ táyà fúnra rẹ̀ sì ni wọ́n kọ ẹrù tó lè gbé jù lọ sí, pẹ̀lú atẹ́gùn tó bá ẹrù náà mu. Táyà tí atẹ́gùn rẹ̀ bá ti wálẹ̀ dé ìdá 80 nínú 100 ohun tó yẹ kó ní kò yàtọ̀ sí èyí tó ti jò tán. Bí ó bá jẹ́ 120 ló yẹ, 96 ti di ewu. Irú táyà bẹ́ẹ̀ kò yẹ ní fífẹ́ lásán kí wọ́n sì máa lọ. Títú ni kí wọ́n tú u kúrò lára ríìmù kí wọ́n wo inú rẹ̀, nítorí ẹ̀gbẹ́ tó ń tẹ̀ tó ń nà ti ń gbóná, ooru yẹn ló sì ń tú wáyà rẹ̀ kúrò lára rọ́bà.

Ó wọ́pọ̀ kí mọ́tò-bọ́ì fi igi tàbí irin gbá táyà, kó sì fetí sí ìró rẹ̀. Gbígbá yẹn lè fi táyà tó ti jò tán hàn, ṣùgbọ́n kò lè fi ìyàtọ̀ hàn láàárín 90 àti 120. Géèjì nìkan ló lè ṣe é, géèjì náà sì gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ táyà inú.

Irú kejì ni èyí tí àárín tán, tí etí méjèèjì ṣì ga. Atẹ́gùn ti pọ̀ ju ẹrù lọ. Ó lè jẹ́ pé wọ́n fẹ́ táyà ju bó ti yẹ lọ, pẹ̀lú èrò pé atẹ́gùn àfikún yóò jẹ́ kí ó gbé ẹrù púpọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ rí: agbára táyà kì í kọjá èyí tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé òfìfo ni tírélà náà sábà máa ń rìn, bí àwọn tó máa ń já ẹrù sí Ìsọlọ̀ tí wọ́n sì ń dá kọ̀ǹténà òfìfo padà sí èbúté.

Irú kẹta ni èyí tí etí kan ṣoṣo tán, tí ojú táyà sì tẹ́jú rẹ́gírẹ́gí láti ibi gíga lọ sí ibi tó tán. Táyà náà kò dúró ṣánṣán. Ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Bí etí inú bá tán lọ́tùn-ún àti lósì lórí ákísù kan, ákísù náà ti tẹ̀ wálẹ̀ láàárín. Ẹrù tó pọ̀ jù ló sábà máa ń tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí orí ibi tí sípíríǹgì jókòó lé ni ẹrù ti ń tẹ irin náà mọ́lẹ̀, táyà sì gbé orí rẹ̀ méjèèjì dúró. Òkè táyà méjèèjì á wá sún mọ́ra wọn. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan nìkan ló jẹ, ó lè jẹ́ kòtò tàbí etí ọ̀nà tí tírélà gbá ló tẹ orí ákísù níbẹ̀, ó sì lè jẹ́ béárìn tó ti jẹ́ kí ẹsẹ̀ náà máa mì. Béárìn ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí owó rẹ̀ kéré sí ti ákísù. Ákísù tó tẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi iná yọ́ kí wọ́n sì lù ú tọ́ lẹ́bàá ọ̀nà. Iná máa ń dín agbára irin kù, irin náà yóò sì tún tẹ̀ tàbí kó ṣẹ́.

Irú kẹrin ni ó ń ṣòro fún ojú láti rí, ọwọ́ ló sì ń mú un. Bí àtẹ́lẹwọ́ bá ń yọ̀ geere lójú táyà láti ọ̀tún sí òsì, ṣùgbọ́n tí ó ń kọ́ ọ bí eyín ayùn nígbà tó ń padà, táyà náà ń yí síwájú, ó sì tún ń wọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Kò kọjú sí ibi tí ọkọ̀ ń lọ. Ìdí rẹ̀ jẹ́ méjì, ọwọ́ kan náà sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí eyín náà bá kọjú sí apá kan náà lára táyà ọ̀tún àti ti òsì, gbogbo ákísù ló dábùú wọ́ lábẹ́ tírélà. Bí eyín ti ọ̀tún àti ti òsì bá kọjú síra wọn, tàbí tí wọ́n kẹ̀yìn síra wọn, àyè ákísù dára, orí rẹ̀ ló tẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn.

Ákísù tó dábùú ní àmì mìíràn. Ẹni tó bá wà lẹ́yìn tírélà náà lójú ọ̀nà tó gún yóò rí i pé ìdí rẹ̀ yà sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí orí rẹ̀ ń lọ tààrà. Lẹ́yìn òjò, ipa táyà ẹ̀yìn kì í bọ́ sínú ipa táyà iwájú. Lábẹ́ ọkọ̀, wọ́n lè rí irin tó ń dán níbi tó yẹ kó dípẹtà, nítosí ìjókòó sípíríǹgì: ìyẹn ni pé ákísù ń sún. Ó lè jẹ́ bóòtù àárín sípíríǹgì ló gé, tàbí yúbóòtù ló dẹ̀, tàbí búṣì ọ̀pá tó di ákísù mú ló ti jẹ, tàbí ewé sípíríǹgì kan ló ṣẹ́.

Ohun tí yóò fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni teepu irin. Wọ́n ń wọ̀n ọ́n láti kìǹpíìnì, irin róbótó tó so ara ẹ̀yìn mọ́ orí ọkọ̀, dé àárín orí ákísù kìíní lọ́tùn-ún. Wọ́n á tún wọ̀n ọ́n dé orí rẹ̀ lósì. Ìyàtọ̀ méjèèjì kò gbọdọ̀ ju milimítà 3 lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń wọn láti ákísù kìíní sí ìkejì, àti láti ìkejì sí ìkẹta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ìyàtọ̀ tibí yìí kò gbọdọ̀ ju milimítà 1.6 lọ. Agbára kan náà ni kí wọ́n fi fa teepu nígbà gbogbo, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ teepu fúnra rẹ̀ yóò parọ́. Iṣẹ́ yìí ni àwọn tó ń ṣe aláìmẹ́ńtì fún tírélà ń ṣe, ṣùgbọ́n aláìmẹ́ńtì tí wọ́n ṣe nígbà tí búṣì ti jẹ kò ní pẹ́ kó tó tún bàjẹ́.

Irú karùn-ún ni kòtò kéékèèké tó tò yí etí táyà ká, ibì kan ga, ibì kan jìn. Táyà náà kì í fara mọ́ ilẹ̀ dáadáa. Ńṣe ló ń fò. Béárìn tó dẹ̀, búṣì sípíríǹgì tó jẹ, tàbí táyà àti ríìmù tí ìwúwo wọn kò dọ́gba yíká ló sábà máa ń fà á. Láti mọ èyí tó jẹ́, wọ́n á ti igi mọ́ àwọn táyà yòókù kí ọkọ̀ má yí, wọ́n á fi jáàkì gbé ákísù, wọ́n á sì fi ìdúró irin tó nípọn tì í lẹ́yìn, nítorí jáàkì nìkan kò tó gbẹ́kẹ̀ lé. Wọ́n á wá ti ọ̀pá irin bọ abẹ́ táyà, wọ́n á máa gbé e sókè sódò. Bí ó bá ń ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n, béárìn ti dẹ̀. Wọ́n á sì yí i kí wọ́n gbọ́ bóyá ó ń kùn.

Bí ó bá jẹ́ ibì kan ṣoṣo ló tán pẹlẹbẹ lójú táyà, tí ibi yòókù sì dára, bíréèkì ni. Táyà náà ti dúró gbagidi nígbà tí ọkọ̀ ń lọ, ilẹ̀ sì ti bó ojú rẹ̀. Bí atẹ́gùn bíréèkì bá jò, sípíríǹgì inú rẹ̀ yóò di ẹsẹ̀ mú, orí ọkọ̀ yóò sì máa wọ́ táyà tí kò yí. Tírélà òfìfo tí awakọ̀ rẹ̀ tẹ bíréèkì lójijì náà lè ní irú rẹ̀ lórí táyà púpọ̀. Ooru tún jẹ́ ẹlẹ́rìí: bí ọkọ̀ bá dúró lẹ́yìn ìrìnàjò, tí ẹsẹ̀ kan gbóná ju àwọn yòókù lọ fíìfíì, bíréèkì ẹsẹ̀ náà kò tú dáadáa, tàbí kí gíríìsì béárìn rẹ̀ ti tán. Wọ́n kàn ń sún ọwọ́ mọ́ ọn ni. Wọn kì í fọwọ́ kàn án.

Táyà méjì tí wọ́n dè pọ̀ sórí ẹsẹ̀ kan ní ọ̀ràn tiwọn. Ìyípo kan náà ni àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ yí. Bí ọ̀kan bá tóbi ju èkejì lọ, ọ̀nà tí ńlá ń rìn lẹ́ẹ̀kan yíyí gùn ju ti kékeré lọ, kékeré á sì máa wọ́ nílẹ̀ kó lè bá a dọ́gba. Ńlá ló ń ru ẹrù, ó sì ń gbóná. Kékeré ló ń jẹ kíákíá láìru ẹrù tó bó ti yẹ. Fún táyà ọkọ̀ ńlá, ìyàtọ̀ ìbú àwọn méjèèjì láti òkè dé ìsàlẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdajì ínǹṣì lọ, ìyẹn bíi milimítà 12. Ẹni tí kò bá ní irin ìwọ̀n lè fi okùn wọ̀n wọ́n yíká. Okùn méjèèjì kò gbọdọ̀ fi ju ínǹṣì kan ààbọ̀ jura wọn lọ. Ibi tí tòkúnbọ̀ ti ń kó bá onítírélà nìyí, nítorí ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sábà máa ń rà wọ́n, láti ilé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nọ́ńbà kan náà lè wà lára méjèèjì kí gíga wọn má dọ́gba. Ọjọ́ orí wọn náà yẹ ní wíwò: nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn àmì DOT ló ń sọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é.

Jíjẹ kan wà tí kì í ṣe àléébù. Tírélà oní-ákísù mẹ́ta kò lè yà kọ́nà láìwọ́ táyà, nítorí àwọn ákísù náà kì í yí ojú padà. Ákísù àárín ló máa ń dúró bí ìdí ìyípo, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn á sì máa wọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Bí kọ́nà bá ṣe há tó ni wíwọ́ náà ṣe ń pọ̀ tó, bíi ti ẹnu ọ̀nà ilé ìkẹ́rùsí tàbí ibi tí wọ́n ti ń yí padà sí òdìkejì ọ̀nà. Nítorí náà, bí táyà ákísù kìíní àti ìkẹta bá ń tán ju ti àárín lọ díẹ̀, tí ọ̀tún àti òsì sì dọ́gba, ìrìn tírélà náà ló rí bẹ́ẹ̀. Kí awakọ̀ máa fẹ ìyàkọ́nà rẹ̀ lójú, kí wọ́n sì máa pààrọ̀ táyà àárín pẹ̀lú ti iwájú àti ẹ̀yìn látìgbàdégbà.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti mọ ìdí rẹ̀, títẹ̀lé ètò ni àtúnṣe. Atẹ́gùn àti ẹrù ló ṣáájú, nítorí wọn kò náni ní nǹkan kan tó pọ̀. Béárìn àti bíréèkì ló tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn wọn ni sípíríǹgì, búṣì àti yúbóòtù. Aláìmẹ́ńtì kàn nígbà tí gbogbo ìwọ̀nyí bá ti le dáadáa, táyà tuntun ló sì gbẹ̀yìn. Gbígbé táyà tó jẹ láti ibì kan lọ sí ibòmíràn kí wọ́n tó ṣe àtúnṣe kò wo nǹkan kan sàn. Ẹ̀rí ni yóò bàjẹ́, táyà kejì yóò sì tún jẹ níbi tí àkọ́kọ́ ti kúrò. Bí wọ́n bá ti tún un ṣe, kí wọ́n tún wọn ihò ojú táyà níbi mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn oṣù kan. Bí ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ń tán dọ́gba, àtúnṣe náà ti bọ́ sí i. Bí kò bá dọ́gba, ìdí kejì ṣì wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n táyà tí wáyà rẹ̀ ti yọ, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti wú, tàbí tí ibì kan lójú rẹ̀ ti dé milimítà 1.6, kò tún sí àyẹ̀wò tó kù fún un ju kí wọ́n tú u kúrò lórí ọkọ̀ lọ.